Ọwọ́ Gbígbóná Kì í Kan Omi

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lọ aṣọ àwọn ará Bacolod, n kò sì fi ọwọ́ gbígbóná kan omi rí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ti ìdí áyọ́ọ̀nù dìde tó lọ ki ọwọ́ bọ omi, àìsàn tí à ń pè ní pasma á mú un, iṣan á wú, ọwọ́ á máa gbọ̀n títí ọjọ́ alẹ́. Ìyá mi ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì.

Nígbà tí kíndìnrín mi dáṣẹ́ sílẹ̀, láti ìdí áyọ́ọ̀nù náà ni mo ti máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wa, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Marivel, nọ́ọ̀sì wa, á ní ká fi ọṣẹ fọ apá kí òun tó gún wa lábẹ́rẹ́. Èmi á ní mo ti fọ̀ ọ́ wá láti ilé. Irọ́ ni. Ọdún méjì gbáko ni mo fi pa á.

Ìgbà tó yá ni kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ Gorgonio, apẹja tó máa ń jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Ní tirẹ̀, rọ́bà tí wọ́n fi sí i lọ́rùn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n fún un. Kòkòrò náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Wọ́n wá ki òwú bọ imú gbogbo àwa aláìsàn, láti mọ ibi tí kòkòrò náà fara pa mọ́ sí. Imú mi ni wọ́n ti bá a.

Dókítà Villaruz, ọ̀gá ibẹ̀, kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kí n máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Iloilo ní òdìkejì òkun fún ẹ̀rọ, torí àwọn yòókù ń bẹ̀rù mi. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí òkun, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yìí? Ikú ló fi ránṣẹ́ sí mi, ó kàn fi ọ̀wọ̀ dì í ni. Inú bí mi.

Mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi fún Marivel. Ojú tì mí. Mo wá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo ki ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù bọ omi tútù, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá arúgbó kan sáré ṣe àmì àgbélébùú.

Mo sọ fún dókítà pé, "Mo ti fọ tèmi. Ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ kan Gorgonio rí. Ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ rọ́bà ọrùn rẹ̀ wò. Ta ló ki òwú bọ imú tiyín?"

Ó ní òun kì í ṣe aláìsàn. Mo ní kòkòrò ò mọ ìwé kà, kò lè mọ ta ni dókítà. Marivel mú òwú, ó kọ́kọ́ ki í bọ imú ara rẹ̀, ó sì na òmíràn sí ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo wa ń wò ó lórí àga wa. Kò ríbi sá sí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, èsì dé. Imú Marivel mọ́. Ti dókítà kò mọ́.

Ó rọra wá sídìí àga mi. Mo ti ń dúró dè é.

"Ọkọ̀ aago mélòó la jọ máa wọ̀ lọ sí Iloilo, Dókítà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ìbọ̀wọ́ lòun máa ń wọ̀ ní tòun, òun kì í fi omi kan ọwọ́ tó bá ti rẹ̀, kí pasma má bàa mú òun.

"Ìyá mi náà lọ aṣọ, Màmá Panyang," ló wí. "Iṣẹ́ náà ló fi rán mi níléèwé."

Inú mi rọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Bóyá èmi ni mo pa Gorgonio, bóyá òun ni, a ò ní mọ̀ láéláé. Àwa méjèèjì la jọ ń fi ìpara tó ń pa kòkòrò náà sí imú báyìí, n kò sì lọ sí Iloilo kankan. Lọ́jọ́ tí èsì dé yẹn, mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo ṣí i fún un.

"Ọwọ́ mi á gbọ̀n," ló ní.

"Kó gbọ̀n," ni mo dá a lóhùn. "Ti Gorgonio ò lè gbọ̀n mọ́."