Ìyá Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Pọ̀n Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá Aránṣọ ní kí ìjọ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ara ṣọ́ọ̀ṣì, kí òun lè máa fi àga onítáyà òun wọlé fúnra òun, wọ́n sì ṣe é.

Kó tó di ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n. Mẹkáníìkì ni ọmọ yìí, kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àdúrà. Yóò gbé àga ti ògiri, yóò bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ìyá yóò dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọn yóò sì máa gun àtẹ̀gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá a di ojú. Nígbà míì a dà bíi pé kò sí àtẹ̀gùn kankan lábẹ́ wọn, bíi pé èéfín ló ń gbé wọn lọ sókè. Ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí kì í sọ níbòmíì, láìbojúwẹ̀yìn: pé ọ̀gá ń yọ òun lẹ́nu, pé òun àti ìyàwó òun ti parí ìjà, pé òun rí bàbá òun lójú àlá. Bí wọ́n bá ti dé òkè, ọ̀rọ̀ tán. Wọn yóò jókòó sórí àga gígùn tó kẹ́yìn pátápátá, ọmọ yóò sì máa tòògbé títí wọn yóò fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń wà lórí àtẹ̀gùn.

"Kú ewu ọmọ o!" ni obìnrin akọrin kan máa ń kí mẹkáníìkì. "Ọmọ yìí mà wúwo o! Ṣé o ti já a lẹ́nu ọmú?"

Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, ọmọ náà a bá wọn rín in. Ìyá kì í rín in. Òun ló rán aṣọ akọrin tó wà lọ́rùn obìnrin yẹn, ó sì mọ bí ìbàdí rẹ̀ ti fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Ló bá lọ sípàdé ìjọ. Alàgbà Olókùúta ló ṣe alága. Òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ló fún un lórúkọ ìnagijẹ yìí, torí pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sí i, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi aṣọ nù ún.

"Ìyá wa, ẹ lọ́mọ tó ń pọ̀n yín," ni alàgbà wí. "Ọlá ńlá mà ni."

"Bó bá jẹ́ ọlá, kó wá pọ̀n ẹ̀yin náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Pásítọ̀ fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà yín ga ju ti kóòtù lọ," ni ìyá wí. "Aboyún ń mí hẹlẹ, bàbá onígi tó ń fi ọ̀pá rìn ń mí hẹlẹ. Ẹ má wàásù fún mi. Sìmẹ́ǹtì ni mo wá gbà."

Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n alàgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bo òkúta bàbá òun. Ni bírìkìlà bá gbé ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì já a sí ilẹ̀kùn yàrá tí pásítọ̀ ti ń múra. Wọ́n ro ti òkúta dáadáa. Kò sẹ́ni tó ro ibi tí ilẹ̀kùn náà ń jáde sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ọmọ dúró nísàlẹ̀.

"Màmá, kí n tì yín?"

"Fi mí sílẹ̀."

Ó fọwọ́ yí táyà. Oòrùn wà lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀nà náà sì ń tàn bí omi tí afẹ́fẹ́ kò kàn. Ó ń léfòó lọ. Ó kọjá láàárín aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́ sí yàrá pásítọ̀, wọ́n fọwọ́ kan ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́, ó ti ilẹ̀kùn kejì, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ.

Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí, gbogbo ìjọ a dìde fún pásítọ̀. Bó ti ṣí, wọ́n dìde. Ìyá Aránṣọ rí gbogbo ojú tó jẹ́ pé ẹ̀yìn orí wọn nìkan ló mọ̀, wọ́n tẹ́ rẹrẹ bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé. Obìnrin akọrin dúró ṣánṣán. Wọ́n jókòó. Bàbá onígi tún yọ, wọ́n tún dìde. Aboyún kan yọ, wọ́n tún dìde. Nígbà tí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ máa fi jáde, ó ti rẹ̀ wọ́n, ìdajì wọn ló dúró.

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti ń wọlé bíi bíṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo tún wá ń ṣe níbí?"

Ìyá fẹ́ ní kó máa bọ̀. Ìgbéraga di ẹnu rẹ̀ mú. "Lọ sinmi," ló wí.

Ọmọ lọ, ó sì gba iṣẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ní gáréèjì. Ó máa ń pè lórí fóònù. Á ní, ṣé ẹ ti jẹun? Á ní, ṣé ara le? Ó parí nìyẹn. Ìyá gbìyànjú láti béèrè nípa ọ̀gá, nípa ìyàwó. "Dáadáa ni, Màmá," ni ìdáhùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bàbá onígi jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ.

"Ẹ kú oríire o. Ọmọ mi pàdé ìyàwó ọmọ yín níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún. Inú náà mà ti yọ gan-an."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Ẹnu bàbá onígi ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.