Okùn Ilẹ̀kùn Asa Pruett

4.
…ìgbìmọ̀ eré sì kọ̀wé pé, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun náà tó gùn, kí Ardith jọ̀ọ́ tú ìṣẹ́tí aṣọ náà sílẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin.

Kí òun fọwọ́ ara òun tú u! Ọdún méjìlélógún ni Ardith Haverkamp fi wọ aṣọ yẹn ṣe Lavinia nínú eré ìlú.

5.
ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Badger Fork, Nebraska)

ERÉ ÌPÀNÌYÀN 1879
Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ gbé àga yín dání.

ASA PRUETT, tí wọ́n fi àáké pa: Dwight Sorley
JONAS BLICK, oníkiri tí wọ́n so kọ́ igi: Pásítọ̀ Lund
LAVINIA, àfẹ́sọ́nà Asa: [orúkọ kan tí wọ́n fi gègé fagi lé] KAYLIN TEAGUE

6.
Ìpàdé ìgbìmọ̀ eré.

DWIGHT: Kaylin sunkún lójú wa níbí, Màmá Ardith. Omijé gidi.
ARDITH: Àlùbọ́sà náà ń mú èèyàn sunkún.
DWIGHT: Ẹ ti sunkún tiyín tó, mà.
KAYLIN: Màmá, ẹ máa kọ́ mi, àbí?
ARDITH: Hester ló bí ìyá ìyá mi. Lavinia ni àbúrò Hester. Kí ni Lavinia jẹ́ sí ìwọ, ọmọ ìlú Denver?
(Dwight ń wo bàtà rẹ̀.)

7.
Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ardith mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an nìyẹn. Owú ni. Kò ní orúkọ mìíràn.

8.
Ohun tí wọ́n máa ń sọ:

Pé Blick ló fa okùn ilẹ̀kùn, tó wọlé bá Asa, tó fi àáké pa á.
Pé ọmọbìnrin tó bá fọwọ́ kan igi tí wọ́n so ó kọ́ ò ní rọ́kọ fẹ́.
Pé aṣọ eré yìí gan-an, aṣọ ìgbéyàwó tí Hester rán fún un, ni Lavinia wọ̀ lọ sìnkú Asa, tó ń wọ́ ọ nílẹ̀.
Pé irú ẹ̀gbọ́n bíi Hester ṣọ̀wọ́n.

9.
Láyé ìgbà yẹn, ilé kì í ní kọ́kọ́rọ́. Okùn awọ ló máa ń yọ síta láti inú ihò ilẹ̀kùn. Àlejò á fà á, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí onílé ò bá fẹ́ àlejò, á fà á wọlé. Ẹni tó bá mọ̀ nìkan ló máa ṣí fún.

10.
ÌWÉ ỌLỌ́PÀÁ, oṣù kejì, 1879

Òkú wà nídìí ààrò. Ife méjì lórí tábìlì. Okùn ilẹ̀kùn wà nínú. Fèrèsé ò fọ́. A rí oníkiri kan nítòsí.

(Inú gíláàsì ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ardith ti kà á sétí èrò nígbà méjìlélógún.)

11.
Ó ń tú ìṣẹ́tí, ó ń gbàdúrà kí aṣọ ya.

Bébà kan ló já bọ́ láti inú ìṣẹ́tí.

12.
Lavinia,
Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Asa. Èmi ni mo bá a gbin àgbàdo. Ìwọ ló fẹ́.
Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Wọlé, Hester, òtútù á pa ọ́."
Oníkiri yẹn ò débẹ̀ rárá.
Mo rán ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí o máa wọ́ ọ kiri.

13.
Okùn wà nínú.

14.
Bí ìlú bá ka bébà yìí, eré parí. Ojú á ti ìdílé Ardith títí ayé. Kaylin náà ò ní wọ aṣọ yẹn láé.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán ló tó rántí Jonas Blick, tí wọ́n so kọ́ lásán. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

15.
KAYLIN (lórí fóònù): Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé aṣọ ti parí?
ARDITH: Ó ti parí.
KAYLIN: Ẹ máa bọ̀. Mo ti gbé kọfí kaná. Èmi nìkan ni mo wà nílé.

16.
Aṣọ wà ní apá Ardith. Bébà wà lọ́wọ́ òsì. Sísọ́ọ̀sì wà nínú àpò rẹ̀. Kò rántí ìgbà tó mú un.

Ó kan ilẹ̀kùn Kaylin.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ wọlé, Màmá, oòrùn á pa yín."