Ìyá Aláriwo Fọ Ẹ́ńjìnnì

Ká tó bú ọkọ̀, ká tó bú mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti Ìyá Aláriwo, torí òun gan-an kò ní fẹ́ ká bo òun láṣìírí: òun ló fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ ń ké gbàjarè bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ló gun orí àpótí, tó na ìdí sókè ọ̀run, tó ń ha irin bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló.

Ohun tó fà á kò ju pé kò sí nǹkan mìíràn tó kù láti fọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, ilé náà sì ti mọ́ jù. Ó ti fọ kọ́tìnnì tí kò dọ̀tí. Ó ti fọ àwo mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú wọn. Ó ti kó gbogbo bàtà olóògbé síta, ó nù wọ́n, ó tún tò wọ́n padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá wọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ nìkan ló kù. Nígbà tó kan àwọn wáyà dúdú mẹ́rin tó ń gbé iná lọ sídìí púlọ́ọ̀gì, ó yọ méjì tó wà láàárín, ó fi aṣọ nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó sì dá wọn padà síbi tó rò pé òun ti yọ wọ́n. Ó tilẹ̀ ń kọrin bó ṣe ń ṣe é. Orí ẹni kì í tètè sọ fún ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í só. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu. Pò! Pò-pò! Bí àgbà tó jẹ ẹ̀wà sùn. Ó rọra wà á dé ẹnu géètì, kò fà. Ó tẹ iná mọ́lẹ̀, ariwo ló ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan.

"Èmi gan-an rèé," ni Ìyá Aláriwo wí. "Ariwo pọ̀, agbára ò sí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Nígbà tó yá ó dákẹ́, torí kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rín. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ń bọ̀ wá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lórí òkè, lọ sí ìlú òkèèrè tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni ẹ̀gbọ́n yìí, kò sì sẹ́ni tó ń tan ara rẹ̀ pé yóò tún padà wá. Òun nìkan ló kù láyé tó ń pe Ìyá Aláriwo ní "Àbúrò." Gbogbo èèyàn yòókù, Màmá ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n má pè é rárá. Etí ẹ̀gbọ́n ti di, fóònù kò wúlò láàárín wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní, "Àbúrò, ọkọ̀ ọkọ rẹ ni kó o gbé wá o. Ká jọ fi yí òkè yìí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó gbé mi lọ bí ẹrù." Ìyá Aláriwo sì ti ṣèlérí.

Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ogún ọdún, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń retí òun. Elétí ni wọ́n ń pè é, torí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ó ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Kí ló ń ṣe ọkọ̀ Bàbá?"

"Ṣé bí mo bá mọ̀ ni mo máa pè ẹ́? Ó ń só."

"Ẹ tan án, kí n gbọ́ irú ìsó tó jẹ́."

Elétí dẹ etí sílẹ̀, ó dijú. Lẹ́yìn náà ó fi rọ́bà wé ọwọ́, ó yọ wáyà àkọ́kọ́. Ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ kú. Ó dá a padà, ó yọ ìkejì: ìró kò yí padà rárá. Ó yọ ìkẹta: bákan náà. Ó yọ ìkẹrin: ọkọ̀ tún fẹ́ẹ̀ kú.

"Tẹ́ ẹ bá lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ á dúró," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá lé ọ̀lẹ, ta ló máa mọ̀? Àwọn méjì àárín yìí ni ọ̀lẹ. Ẹsẹ̀ méjì lọkọ̀ yín fi ń rìn dípò mẹ́rin. Báwo ló ṣe máa fà?"

Ó tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, epo ti rin wọ́n gbingbin. Ó fi tuntun sí i. Ó wò ó bóyá iná ń dé ibẹ̀, iná ń dé. Ó tún tan ọkọ̀. Pò! Pò-pò! Ó nu ọwọ́, ó wo Ìyá Aláriwo lójú.

"Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibí yìí?"

Ibí ni àṣìṣe kejì ti wọlé, òun ló sì burú ju ti kànìnkànìn lọ. Olóògbé kì í jẹ́ kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ọwọ́ rẹ dára lára ohun gbogbo, àfi ibẹ̀ yẹn," ló máa ń wí, Elétí á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣé ọkùnrin yìí ló máa wá jẹ́wọ́ fún, kó lè rí i pé òótọ́ lọkọ òun ń sọ?

"Ta ni ì bá fọwọ́ kàn án?" ló dáhùn. "Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé."

Òótọ́ ni. Irọ́ sì ni.

Elétí mi orí. "Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló kú pa pọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì má ti jó láàárín wọn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa ṣí i. Ọjọ́ méjì."

"Ọjọ́ méjì kẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ yá irinṣẹ́ tá a fi ń wọn èémí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹ́ńjìnnì ná. Ẹ wọ takisí lọ bá ẹ̀gbọ́n yín, Màmá."

"Takisí ni wọ́n ní kí n gbé wá ni? Máa lọ jàre, kó o tètè dé."

Ó lọ. Ìyá Aláriwo wọ inú ọkọ̀, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ìjókòó awakọ̀ ṣófo. Agogo méjìlá lù, ọ̀kan lù. Ó pe Elétí lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ti là tán kó sọ ọ́.

"Màmá, ẹni tó ni irinṣẹ́ kò sí nílé, mò ń dúró dè é. Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Kò sí. Rọra máa bọ̀," ló wí, ó sì pa fóònù. Ó pariwo pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

Agogo mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú kí Elétí tó padà. Ó wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n dọ́gba.

"Gáskẹ́ẹ̀tì ò jó. Èémí wà, iná wà, epo wà." Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ pa imú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màmá, kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì yìí ń rùn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀?"

Ìyá Aláriwo wo ilẹ̀. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo ní mo wẹ̀ ẹ́! Ọṣẹ, kànìnkànìn, gbogbo ẹ̀. Ìpara nìkan ni mi ò fi pa á. Mo sì yọ àwọn méjì yẹn, mo nù wọ́n."

Elétí dìde. Ó yọ wáyà méjèèjì, ó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Kò gbà ju kí èèyàn bu omi mu.

"Ẹ gbé iná èyí fún ìyẹn," ló wí nígbà tó ṣe. "Iná ń dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Láti àárọ̀, Màmá! Ẹ ò bá ti sọ."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ń kùn jẹ́ẹ́, bí ológbò tó yó. Agogo mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ìwọ ni kó o wà á," ni Ìyá Aláriwo wí. "Ọwọ́ mi ti bà á jẹ́ tó."

Ọkọ̀ gun òkè bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò kọsẹ̀ níbì kan. Ìyá Aláriwo ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà: pé àwọn tó ń rìnrìn àjò kì í tètè kúrò nílé, pé wọ́n á ṣì máa wá kọ́kọ́rọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun á ṣì máa wá awò ojú tó wà lójú rẹ̀. Elétí ń tẹ iná mọ́lẹ̀.

Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu géètì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níta, lẹ́bàá ọ̀nà, àga kan dúró tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti gòkè wá, pẹ̀lú tìmùtìmù tó ṣì tẹ̀ síbi tí ẹnìkan ti jókòó pẹ́. Ìyá Aláriwo sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ lé e. Ó gbóná. Ṣùgbọ́n inú oòrùn ni àga náà wà, kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti oòrùn.

Ó dúró síbẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Elétí yọ orí jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n pa ẹ́ńjìnnì, àbí kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́?"