Bàbá Àgádágodo Sọ Òótọ́

Irun ni mò ń dì jẹun, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń pa mí bí ọtí, mi ò sì tijú ẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mò ń kó ọṣẹ irun àti ẹ̀rọ ìgbẹrun sí, ni àwa mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà ti yí lórí máa ń pàdé sí ní ọ̀sán Sátidé. À ń gba ara wa nímọ̀ràn, a sì ń bú ara wa.

Káfíńtà jẹ́ ọ̀kan. Ní tiẹ̀, iná ló ń fa gbogbo àrùn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ kò bá tàn, "Iná ni." Bó bá tàn tó tún kú, "Ṣé mi ò wí? Iná ni." Lọ́jọ́ tí ológbò tọ̀ sórí ẹ̀rọ Nọ́ọ̀sì, ó wo itọ̀ náà títí, ó ní iná ni. Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ni ìkejì. Bó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, géèmù ló kù láyé ẹ̀, kò sì sí èyí tó jáde tí kò mọ ibi tí èèyàn ti máa kú nínú ẹ̀. Èmi ni ìkẹta, onímọ̀ eruku àti ooru, torí ẹni tó bá ti ń fi ooru ṣe irun tipẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń jóná. Ìkẹrin, àgbà wa, ni Bàbá Àgádágodo.

Kọ́kọ́rọ́ ni bàbá yìí gé, àgádágodo ló tún ṣe, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kò sí ilẹ̀kùn tó máa ṣọ́ mọ́, ó kó ìfura ẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. "Ẹni tó bá ní kó o yára, ìwọ rọra," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Olè ló ń kánjú. Onílé kì í kánjú wọ ilé ẹ̀." Ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ gbé ìpè nọ́ńbà tí kò mọ̀, torí ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí. Èyí tó wá ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti ìbéèrè ààbò, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìwọ gan-an ni. Bí wọ́n bá bi ẹ́ lórúkọ ìyá ẹ, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ìyá ẹ. "Gbogbo àdúgbò ló mọ ìyá ẹ! Òótọ́ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, gbogbo ayé ló ní i lọ́wọ́. Irọ́ ni kó o pa, kó o sì máa rántí irọ́ ẹ." Ó wá fún olúkúlùkù wa ní irọ́ tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bi mí ní oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù, bíríkì ni. Bẹ́ ẹ bá bi Káfíńtà lórúkọ ìyàwó ẹ̀, ẹṣin ni. Bẹ́ ẹ bá sì bi Bàbá pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní òun ń kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ lódò.

A ní òfin mìíràn tó dàgbà ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kàn án. Bó bá wá bàjẹ́, ẹni tó ni ín ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ tú u, ẹnu nìkan ni tiwa. Kó tó tú u rárá, a ó kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lo fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" Ẹ̀yin náà á ti mọ ìdáhùn tí gbogbo èèyàn máa ń sọ: "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o, ó ṣàdédé kú ni." Irọ́ gbáà. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi náà kì í jẹ́wọ́.

Bàbá ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó ń gbé lókè òkun. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Bàbá ò nà án, kò lé e nílé. Ó kàn jẹ́ pé kì í wá ni. Bí ọmọ bá ń gba ẹ̀bùn níléèwé, ilẹ̀kùn ẹnì kan ti há. Bó bá di ọjọ́ ìbí ọmọ, kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan ti kán. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ṣe dáadáa ni géèmù ìsáré ọkọ̀ kan lórí ẹ̀rọ àtijọ́: ọmọ á máa borí, bàbá á máa kọlu ògiri. Nọ́ọ̀sì ló wá gbọ́ pé wọ́n ti tún géèmù yẹn ṣe, pé èèyàn lè wà níhìn-ín kó máa bá ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ayé sáré. Bàbá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀. Èyí tó padà wá ò gùn. Ó kà á fún wa pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí: "Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá tún jẹ́ kí n dúró lásán, ẹ má wá mi mọ́ láé."

Háà, a ya wèrè lọ́sẹ̀ yẹn! Kọ̀ǹpútà Bàbá ti darúgbó ju ẹni tó ni ín lọ, kò lè gbé géèmù tuntun, a sì ní láti to òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà yan àpótí iná tó lè tan gbogbo àdúgbò. Nọ́ọ̀sì yan káàdì àwòrán, ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mí sí i. Èmi yan fáànù, mo sì yàn án débi tí Bàbá fi béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń bọ̀ wá fò ni. Lọ́jọ́ tó tàn, Nọ́ọ̀sì jó títí ó fi forí gbá ẹ̀rọ ìgbẹrun mi. Inú mi dùn dẹ́yìn.

"Bàbá," mo ní, "ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ o."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Èmi tí mo ṣòfin?"

Sátidé pé. Bàbá wà nílé ẹ̀, àwa mẹ́ta wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọkàn wa wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Orí oníbàárà kan wà lọ́wọ́ mi, mo ti dì í dé ìdajì, nígbà tí nọ́ńbà àjèjì kan pè mí. Mo gé e. Ó pe Káfíńtà, òun náà gé e. Ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Ẹ gbà mí o! Bàbá yín ni. Ẹ̀rọ ò tàn. Fóònù aládùúgbò mi ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ yára!"

Ẹ yára kẹ̀! Ẹ̀rín pa wá. Nọ́ọ̀sì ní olè tòní yìí ò tiẹ̀ parí ẹ̀kọ́ olè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo kọ ọ́ padà pé, "Ẹ kú wàhálà, Bàbá. Fóònù tiyín ńkọ́?"

"Páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ò sì tàn."

Káfíńtà gbá itan. "Odindi ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ jẹun, ó ti kọ́kọ́rọ́ ara ẹ̀ mọ́nú ilé! Bi í ní ìbéèrè, jọ̀ọ́, bi í!"

Mo bi í pé, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Wéré ló dáhùn: "Àgádágodo ni mò ń ṣe, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Òótọ́ ló sọ! Ọwọ́ ti bà á! A pariwo débi pé oníbàárà mi ní kí n má fi ẹ̀rín fa òun nírun tu. Nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí olè náà pé, "Ẹja yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́n wẹ̀?" Ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ìdáhùn fún un, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ ká rí i. Èyí tó tiẹ̀ yẹ kó kọ wá lóminú ni pé olè náà ò gbà á. Ó ní, "Ẹja wo? Ṣé orí yín pé?"

Mo fẹ́ fi ìbéèrè kan tó kù parí ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Ó dáa, Bàbá. Kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn?"

Lọ́tẹ̀ yìí ìdáhùn ò tètè dé. Nígbà tó dé, ó gùn.

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Mo tú u láàárọ̀ yìí. Mo nu eruku inú ẹ̀, mo yọ mẹ́mọ́rì, mo nù ún, mo dá a padà. Ọmọ mi ń bọ̀, mo fẹ́ kí ilé mọ́. Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Ọwọ́ ara mi ló bà á jẹ́."

Ẹ̀rín gé mọ́ mi lẹ́nu. Olè á ní báńkì ló fà á, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Mi ò gbọ́ olè tó ní òun lòun jẹ̀bi rí. Ta ni ẹlòmíràn tó máa gbá inú kọ̀ǹpútà torí pé àlejò ń bọ̀, àlejò tó wà lókè òkun? Àwọn àgbà kúkú ti wí i, òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló ń rí.

"Bàbá wa ni!" mo ní. Gbogbo wa wo aago ara ògiri. Mẹ́rin ti ń lù lọ.

A bá ẹsẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Òòyà wà lọ́wọ́ mi, mi ò rántí jù ú sílẹ̀. Oníbàárà mi ń sáré tẹ̀ lé wa, ìdajì orí ẹ̀ dì, ìdajì kejì dúró ṣánṣán. "Àǹtí, orí mi ńkọ́?"

"Máa gbé e bọ̀!"

Àwọn èèyàn ń yà fún wa lọ́nà, wọ́n rò pé ìjà ni. Káfíńtà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn pé, "Iná ni. Mo mọ̀ pé iná ni."

Orí ìkúnlẹ̀ la bá Bàbá, níwájú ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó ta táì. Ẹ̀rọ náà dúdú lójú, ó kàn ń ké pín-ín, pín-ín, pín-ín. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí i, Bàbá gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Òfin ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ mi o, nínú wàhálà yẹn! Ó di ẹnu nìkan. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Káfíńtà ní iná ni. Nọ́ọ̀sì ní mẹ́mọ́rì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí Bàbá nù, ló ń mú un ké, kò wọlé tán. Èmi náà rí i pé igun kan ẹ̀ ta sókè díẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Bàbá!"

"Ó máa kán!"

"Kò ní í kán! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi gbogbo ayé yín ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ẹ ti gbàgbé bí nǹkan ṣe ń dún bó bá wọlé ẹ̀?"

Ó dijú. Ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀! Ó mọ ohùn yẹn. Gbogbo ara ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ó tan ẹ̀rọ, gbogbo fáànù mi jí lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán sì kún ojú kọ̀ǹpútà. Oníbàárà mi, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá, ló pariwo ju gbogbo wa lọ.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Nínú géèmù, ọkọ̀ pupa kan ṣoṣo ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, ó sì ti ń yí padà láti máa lọ.

"Dúró!" Bàbá ké sínú ẹ̀rọ. "Èmi ni!"

Ọkọ̀ náà dúró. Ohùn obìnrin kan jáde, kò sí ẹ̀rín nínú ẹ̀. "Ta ni yẹn? Bàbá tèmi kì í wá."

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ dáhùn ìbéèrè wa. Níbo ni bàbá mi jókòó sí lọ́jọ́ tí mo gba ife ẹ̀yẹ níléèwé?"

Bàbá fi ọwọ́ bo ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ó yíjú sí wa. "Láti kékeré ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹnikẹ́ni tó bá ní èmi ni mo rán òun, kó bi í ní ìbéèrè kan. Òun fúnra ẹ̀ ló yan ìbéèrè yẹn, òun náà ló yan irọ́ tó máa jẹ́ ìdáhùn. Pé iwájú pátápátá ni mo jókòó sí, mò ń pàtẹ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹ sọ irọ́ yẹn, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kíá, kó tó lọ."

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò.

"Mi ò jókòó síbì kankan," ó ní. "Mi ò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, kò sì sí ilẹ̀kùn tó há lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn rò pé wàá tún gba òmíràn ni. Ọwọ́ ara mi ló bà á jẹ́, ọmọ mi."

Mi ò ní í purọ́ fún yín, mò ń sunkún, òòyà lọ́wọ́.

"Ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà," ohùn náà ní. A gbọ́ tó fun imú. "Ẹ wọ ọkọ̀ yín, Bàbá mi. Bí mo ṣe máa nà yín lónìí, ẹ ò ní í lè jẹun."

Ó sì nà án! Bàbá kọlu ògiri àkọ́kọ́, ó kọlu èkejì, ó yí padà, ó wá ń bá ọ̀nà ibi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń bọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ń ké pé bíréèkì, bíréèkì. Èmi ń ké pé kó rọra, ooru ti ń pọ̀. Oníbàárà mi di táì Bàbá mú, ó ń fi tọ́ ọ sọ́nà bí ẹni di ìjánu mú. Káfíńtà ní iná ni. Ọmọ náà wá rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ tiẹ̀ náà fò sínú koríko.

"Bàbá mi," ó ní nígbà tó ráyè mí, "ta ni gbogbo àwọn tó ń pariwo lẹ́yìn yín yẹn?"

Bàbá ò gbójú kúrò lọ́nà. "Ẹja mi ni," ó ní. "Mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wẹ̀."