Iná Ni Mò Ń Wò

Wọn ò sí níbí náà. Fọ́tò ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, kò sí ìyá mi nínú ẹyọ kan. Ìyàwó oníyàwó ló ń jáde, ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀gá ilé ìwé tó dijú lẹ́ẹ̀mẹfà — gbogbo wọn pé. Díìsìkì méjì ni mo kó wọn sí, pé bí ọ̀kan bá kú, kí oníbàárà má baà bú mi. Mo gbọ́n, àbí? Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò tiẹ̀ pariwo lórí fóònù. Ì bá sàn kó pariwo. "Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Màámi kú. Ẹyọ kan ni mò ń bèèrè. Torí pé ìwọ wà lọ́dọ̀ wọn ni èmi ò ṣe yà wọ́n…" Mo ní mò ń wá a. Kí ni mò ń wá? Mo ti pa gbogbo fọ́tò wọn rẹ́.

Ojoojúmọ́ ni mo sì ń yà wọ́n o. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé: "Màámi, ẹ bá mi jókòó." Wọ́n á jókòó sórí àga, màá yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí n fi mọ bí iná kámẹ́rà ṣe ń bà lójú èèyàn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, màá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà. Ọdún mọ́kànlá. Àyè… àyè fún ta ni?

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló fi nǹkan tó ń wú fọ́tò tá a ti pa rẹ́ jáde yìí sórí kọ̀ǹpútà mi. "Ọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ti kó nǹkan mìíràn lé e lórí." Mo ti kó o. Àlejò ni mo kó lé ìyá mi lórí. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ọ̀kan rèé. Síkáàfù, iwájú orí — ìsàlẹ̀ fọ́tò ti bàjẹ́, ó funfun bí eérú. Òmíràn. Síkáàfù pupa. Eérú. Síkáàfù búlúù, eérú… Dúró ná. Síkáàfù òde mà nìyẹn. Kí ni Màámi ń fi síkáàfù òde ṣe nínú ilé, láago méje àárọ̀?

Èyí yọ dé ẹnu kó tó di eérú. Yẹtí wà létí wọn. Páúdà wà lójú. Wọ́n ń… wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?" Wọ́n máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Màámi. Iná ni mò ń wò."

"Ìgbà wo la máa wo àwọn fọ́tò yìí?"

"Tó bá yá."

Mo rò pé wọn ò mọ̀ ni. Irọ́. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Kọ̀ǹpútà ṣì ń wú u lọ, eérú lórí eérú, mi ò sì tíì pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Màámi mọ̀ pé iná ni mò ń wò. Síbẹ̀, wọ́n ń múra wá jókòó láràárọ̀, bóyá lọ́jọ́ kan, màá wo àwọn.