Òòlù Kan Ṣoṣo Lórí Ìtì Igi

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kó èèpo hiapo, igi tí a fi ń ṣe aṣọ, kúrò nínú omi, mo fún un gbẹ, mo tẹ́ ẹ sórí ìtì igi tí mo fi ń lu aṣọ. Ó ti rọ̀ dáadáa. Èèpo tó bá ti rọ̀ báyìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi di ọjọ́ kẹta nínú omi, á kan, á sì yọ àmì dúdú tí aró kankan ò lè bò.

Ìgbéyàwó Vika ọmọ mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní erékùṣù Tonga wa níbí, ìyá ìyàwó tí kò bá gbé ngatu, aṣọ èèpo wa, wá síbi ìgbéyàwó, ojú wo ló máa fi jókòó?

Ènìyàn méjì ló máa ń lu aṣọ lórí ìtì kan, tí òòlù wọn á máa dá ara wọn lóhùn. A máa ń gbọ́ ọ títí dé etíkun. Bó bá ń dún lẹ́yọ kan, gbogbo abúlé ti mọ̀ pé obìnrin yẹn ò lẹ́nì kan. Ìtìjú yẹn ni mo ń sá fún láti ọdún mẹ́jọ tí èmi àti Latai ti ń ṣọ̀rẹ́. Aṣọ mẹ́rin ni mo ti bá a lù parí. Bó bá kan tèmi, orí á máa fọ́ ọ, tàbí kí àlejò dé bá a. Lọ́dún tó kọjá, mo dúró dè é títí èèpo mi fi bàjẹ́ sómi.

Latai tún ti ránṣẹ́ sí èmi Sela báyìí: "Ẹ ní kí Sela dúró dè mí di Ọjọ́bọ̀."

Mo mú òòlù. Mo kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ tó ní ìlà lù ú, nítorí ìlà yẹn ló ń fẹ èèpo. Lẹ́yìn náà, mo yí i sí ojú tó dán, kí aṣọ lè tẹ́jú. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí, mo ń lù ú jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, mo bi ara mi pé, kí ni mo jí? Mo lù ú bó ṣe yẹ kí n lù ú.

Lọ́sàn-án, Latai dé, kò mú òòlù dání.

"Ìwọ Sela! Ṣé o ò lè ṣe sùúrù ni? Ó ń dún kó, kó, kó, bí ẹyẹ tó ń wá kòkòrò lára igi!"

"Ẹyẹ náà ṣáà ń jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tèmi o. Tètè wá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Niu Silandi."

Mo gbé òòlù sílẹ̀. "Latai, mi ò ní wá."

"Ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi le. Mi ò ní wá mọ́ ni."

"Torí èèpo igi?"

"Torí ọdún mẹ́jọ. Mi ò bá ẹ jà. Tí mo bá rí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá kí ẹ. Ṣùgbọ́n ìdí ìtì igi rẹ, wá ẹlòmíì síbẹ̀."

"Ta ló fẹ́ wá jókòó tì ẹ́, ìwọ náà?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó dúró, bí ẹni ń retí kí n bẹ òun. Mo tẹ́ èèpo mìíràn. Ó lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Màmá Fane fi dé láti ìsàlẹ̀ abúlé, tòun ti òòlù rẹ̀. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, kò tún bá ẹnikẹ́ni lu aṣọ mọ́.

"Mo gbọ́ ọ lánàá. Ó ń dún bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ kan rìn. Sún síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, Mà. Ìgbà wo lẹ máa rẹ èèpo tiyín?"

"Áà! Ẹni tó ń béèrè tèmi náà rèé!"

A fi ẹ̀gẹ́ tí kò jinná tán lẹ ipele méjì pọ̀, ọ̀kan dábùú èkejì kó má baà ya, a sì kùn ún láró. Aṣọ náà fi ìwọ̀n apá méjì kúrú ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ lọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ọkọ gbé etí aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wá ihò. Kò rí i.

"Ta lẹ jọ lù ú?"

"Èmi àti Màmá Fane."

Ó sún lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ fún àwa méjèèjì.