Okùn Agogo Wexcombe

"Bí ọ̀la bá mọ́ tí n kò fi òkúta ibojì baba ńlá mi hàn yín, ẹ pè mí lọ́mọ àlè!"

Elwin Tarbell ló ké bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo ìjọ ń jẹun alẹ́ Sátidé ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Orí àga ló dúró lé, ẹni àádọ́rin ọdún! Noreen ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ àga náà mú gírígírí. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan o. Egungun ìbàdí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ni.

Okùn kan péré ló ń jẹ Elwin lọ́kàn. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àyájọ́ ìlú Wexcombe ní Massachusetts, àtọmọdọ́mọ Preserved Tarbell, ẹni tó ti England wá kọ́kọ́ fi àáké kan igbó ibẹ̀, ló máa ń fa okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan. Láti ìgbà tí Elwin ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, ìdílé Pettengill ló ń fà á. Ìyá wọn àgbà kan ló sọ pé Mercy, ọmọbìnrin Preserved, ló bí àwọn. Ta ló bi í léèrè? Lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ? Elwin tó ń jẹ́ Tarbell gan-an wá di ẹni tó ń dúró síta tó ń pàtẹ́wọ́. Ó ń dùn ún dé eegun.

Winifred Pettengill, ẹni ọgọ́rin ọdún, tó jókòó bí ayaba nídìí ìkòkò ẹ̀wà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Elwin, sọ̀ kalẹ̀ kí o jẹun. Tarbell pọ̀ ní Massachusetts ju koríko lọ. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Sólómọ́nì, ṣé ó gbọ́n ni?"

"Ọmọ Hopestill ni mí, mà! Ìrètí-Ṣì-Wà, àkọ́bí Preserved! Mo ti fi ọ̀pá irin gún òkúta rẹ̀ rí lábẹ́ koríko. Mo ti fọwọ́ pa orúkọ náà!"

"Lẹ́yìn ìsìn lọ́la, jẹ́ ká jọ fọwọ́ pa á."

Noreen mí kanlẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sétí òkun nígbà ooru. Èmi, itẹ́ òkú ni ọkọ mi ń mú mi lọ. Mo ti bá òkú jẹ búrẹ́dì káàkiri agbègbè New England, kò sí èyí tó kí mi káàbọ̀ rí."

Ọjọ́ Ìsinmi dé, ọjọ́ àyájọ́ náà sì ni. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn tú yááyáá tẹ̀ lé Elwin lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ká koríko kúrò lójú òkúta bí ẹni ká ẹní. Ó da omi sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Àmọ́ òjò àtayébáyé ti jẹ lẹ́tà rẹ̀ tán. Àfi kí wọ́n fi díńgí ta oòrùn sí i láti ẹ̀gbẹ́ kó tó ṣeé kà. Díńgí yàrá Noreen ni wọ́n gbé wá.

"Gbé e sọ́tùn-ún! Ojú mi lò ń tàn án sí!" ni Elwin ké mọ́ Noreen tó gbé díńgí dání.

"Ojú ẹ náà ló yẹ kó mọ́lẹ̀."

Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú òkúta. Elwin kà á sókè: "'Hopestill, ọmọ Preserved àti Submit Tarbell.' Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin Pettengill!" Ó fò sókè. Ibi tó ti ń fò ni díńgí ti sún wálẹ̀ díẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀ sì hàn: "'Ó kú ní ọmọ ọdún méjì.'"

Winifred patẹ́wọ́. "Baba ńlá rẹ mà yára o! Ọmọ ọdún méjì, ó ti gbéyàwó!"

Ilẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Etí Elwin pọ́n bí ata. "Ẹ dúró! Ẹ dúró ná! Ẹ mọ ìṣe àwọn ará àtijọ́. Bí ọmọ bá kú, èyí tó bá tẹ̀ lé e ni wọ́n ń fún lórúkọ rẹ̀!"

Òótọ́ ni. Winifred kò lè jiyàn, nítorí ọmọ méjì tó ń jẹ́ Patience ló wà nínú ibojì ilé tirẹ̀. Elwin bá tún ń fi ọ̀pá gúnlẹ̀ kiri. Ọ̀pá dún kò! Ó kan òkúta. "Hopestill, ọmọ wọn!" Ó dì mọ́ Noreen, díńgí fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà síbẹ̀: ọmọ ọdún márùn-ún.

Elwin fi fìlà rẹ̀ lulẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún gúnlẹ̀. Kò! Hopestill kẹta. Ọmọ oṣù mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá wo ló pe Ìrètí-Ṣì-Wà lẹ́ẹ̀kẹta tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n?

Elwin jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ta wá lèmi báyìí?"

"Ọkọ mi," ni Noreen wí, "tó fi ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sínú ẹrẹ̀."

Àánú ṣe Winifred, àmọ́ kò pẹ́ lára rẹ̀. "Ẹ wá síbi òkúta Preserved fúnra rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ti rì, ọ̀rọ̀ Mercy mi sì wà nísàlẹ̀. Noreen, gbé díńgí wá!" Ó já ṣọ́bìrì gbà, ó fúnra rẹ̀ wúlẹ̀ títí fìlà rẹ̀ fi wọ́ sí etí kan. Ó wá kà á bí ẹni ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ: "'Ọlọ́run fún wọn ní ọmọkùnrin mẹ́ta, àti Mercy.' Mercy! Ṣé etí yín gbọ́?"

"Ẹ kà á tán, mà," ni Elwin wí látinú ẹrẹ̀.

Noreen rọra sún díńgí wálẹ̀.

"'Ó sì gba gbogbo wọn padà ní kékeré.'"

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ Winifred. Ó wo Elwin, Elwin wò ó. Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n gangan, gbogbo ìlú sì ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni wo ẹrù tí kò lólówó.

"Ta ni yóò wá fa okùn agogo báyìí?" ni ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn.

Noreen ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu díńgí.

"Ẹni tó bá sún mọ́ okùn jù," ló wí.